Láńlọ́ọ̀dù wà l'Amẹ́ríkà, kéátékà ló ń gbowó: kí ni mo lè yẹ̀ wò kí n tó gba ilé l'Abẹ́òkúta?

Ìbéèrè: Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi wá s'Abẹ́òkúta láti Ìbàdàn. Mo ti rí fúláàtì oníyàrá méjì kan ní Ọbántokò, ilé náà wù mí gan-an, àmọ́ éjẹ́ǹtì sọ pé Amẹ́ríkà ni láńlọ́ọ̀dù ń gbé, kéátékà ló máa gbowó, ọdún méjì ni wọ́n sì fẹ́ gbà lẹ́ẹ̀kan náà, yàtọ̀ sí owó àgíríméǹtì àti kọmíṣọ̀n. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní New York ní kí n má fọwọ́ sí nǹkankan, kí n kọ́kọ́ lọ yẹ ìwé ilé náà wò lọ́dọ̀ ìjọba, pé bí àwọn ṣe ń ṣe é lọ́hùn-ún nìyẹn. Ṣé irú ẹ̀ ṣeé ṣe níbí? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Èmi ni, Ìyá Ìbejì.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ káàbọ̀ sílùú wa o. Ẹ̀gbọ́n yín ò purọ́ rárá. Ní New York, ẹni tó fẹ́ gba ilé lè wà lórí ibùsùn ẹ̀ kó máa fi fóònù tú àṣírí ilé. Wọ́n ní ibì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ ACRIS, ìwé tó bá ti jẹ mọ́ ká ta ilé tàbí ká fi ilé yáwó, láti 1966 wá, ó wà níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, àyàfi ti Staten Island, ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ilé gbígbé, HPD, náà ní tiẹ̀ tó jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ tí ilé bá ti ṣẹ̀ ni wọ́n tò síbẹ̀, eku ni o, omi gbígbóná tí ò ṣiṣẹ́ ni o, òrùlé tó ń jò ni o. Àdírẹ́sì nìkan lẹ máa tẹ̀.

Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé wà níbí, ẹ má jẹ́ kẹ́nì kankan sọ fún yín pé kò sí, àmọ́ ó fọ́n káàkiri, díẹ̀ wà ní sẹkitéríàtì ìjọba l'Ókè-Mọ́sàn, díẹ̀ wà ní kóòtù, díẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn oníná, díẹ̀ sì wà nínú ìwé ńlá kan tí alága CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, fi pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àdírẹ́sì ò sì lè ṣí ọ̀pọ̀ nínú wọn torí àdírẹ́sì tiwa gan-an, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí, "ilé kẹta lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ yà sí ọwọ́ òsì". Orúkọ ló ń ṣí i, tàbí nọ́ńbà. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fáwọn tó bá wá bá mi pé orúkọ ni kí wọ́n máa lé. Orúkọ ta ló wà lórí ilé yìí níbi tí ọwọ́ éjẹ́ǹtì ò lè tó? Ṣé orúkọ yẹn náà ló wà lórí rísíìtì tí wọ́n fẹ́ fún yín, ṣé òun náà ló wà lórí ákáǹtì tí wọ́n ní kẹ́ ẹ sanwó sí? Tí orúkọ mẹ́ta yìí bá pàdé, ẹ̀rù ti dín kù gan-an. Tí wọn ò bá pàdé, wọ́n gbọ́dọ̀ ní àlàyé tó wà lórí ìwé, kì í ṣe àlàyé ẹnu.

Ara mítà iná ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Tẹ́ ẹ bá tún lọ wo ilé náà, ẹ ya fọ́tò mítà, nọ́ńbà gbọọrọ kan wà lára ẹ̀. Ẹ ṣí áàpù bánkì yín bí ẹni tó fẹ́ ra iná, ẹ mú IBEDC torí àwọn ló ń fún Abẹ́òkúta níná, ẹ tẹ nọ́ńbà yẹn sí i. Kẹ́ ẹ tó san nǹkankan, orúkọ ẹni tó ni mítà máa jáde síta fún yín, nígbà mìíì pẹ̀lú àdírẹ́sì. Ẹ dúró níbẹ̀, ẹ má sanwó, ẹ kọ orúkọ yẹn sílẹ̀. Tí wọ́n bá pe láńlọ́ọ̀dù ní lágbájá tí mítà sì ń jẹ́ tàmẹ̀dù, ìyẹn nìkan ò sọ wọ́n di olè, ó lè jẹ́ ayálégbé tó ti kó lọ ló forúkọ ara ẹ̀ gba mítà, ó lè jẹ́ ẹni tó ta ilé fún láńlọ́ọ̀dù. Àmọ́ ẹ ti ní ìbéèrè tẹ́ ẹ máa bi kéátékà, ojú ẹ̀ nígbà tó bá ń dáhùn náà ó sì sọ tiẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá ti wà lórí ọ̀rọ̀ iná, ẹ béèrè báǹdì, ìyẹn ìpele iná, tí àdúgbò yẹn wà. Láti April 2024 ni owó iná Band A ti fò sókè kọjá tàwọn yòókù, wákàtí 20 lójúmọ́ ni wọ́n ṣèlérí fún un, B jẹ́ 16, C 12, D 8, E 4. Éjẹ́ǹtì á kàn sọ pé "iná wọn kì í lọ níbí", kò ní sọ pé owó tẹ́ ẹ máa fi ra iná lóṣù lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì réǹtì yín. IBEDC fúnra wọn máa ń gbé orúkọ àwọn fídà, ìyẹn wáyà ńlá tó ń gbé iná wá sí àdúgbò, àti báǹdì wọn jáde, àwọn ará ilé tó wà ní ìdojúkọ náà sì mọ̀ ọ́n. Tó bá wá jẹ́ ilé tí ò ní mítà, tó jẹ́ bíìlì àfojúdíwọ̀n ni wọ́n ń mú wá, ẹ gba nọ́ńbà ákáǹtì iná ilé náà kẹ́ ẹ sì wo gbèsè tó wà lórí ẹ̀, torí àwọn tó máa wá já wáyà ò ní bi yín bóyá ẹ̀yin lẹ jẹ ẹ́.

Lẹ́yìn mítà, CDA. Mo mọ̀ pé ẹ lè máa rò ó pé kí ló kan CDA nínú ọ̀rọ̀ ìwé ìjọba, àmọ́ ní ìpínlẹ̀ Ògùn níbí CDA kì í ṣe ẹgbẹ́ ṣeréṣeré, wọ́n forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, tiransifọ́mà, gọ́tà, ọdẹ àdúgbò, géètì, owó gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń gbà lójúlé sí ojúlé, wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní orúkọ onílé. Ìwé yẹn, lójú tèmi, ó wúlò fún ayálégbé ju C of O, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí ìjọba ń fún onílé, lọ, torí C of O máa sọ ẹni tó ni ilé lọ́dún tí wọ́n gbà á, ìwé CDA á sọ ẹni tó ń dá owó fún ilé náà lóṣù tó kọjá. Ẹ má lọ bi alága pé "ṣé láńlọ́ọ̀dù yìí dáa?", bẹ́ẹ̀ ni lá wí, kí ló kàn án. Ẹ kúnlẹ̀ kí bàbá, ẹ ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ wá máa gbé ládùúgbò yín, ta ló máa ń san owó àdúgbò ilé aláwọ̀ eérú yẹn, ṣé wọn ò jẹ gbèsè tẹ́ ẹ máa wá gbà lọ́wọ́ mi?" Ọ̀rọ̀ owó ni, wọ́n á dáhùn kíákíá, wọ́n á tún fi ìtàn ilé náà kún un láìjẹ́ pé ẹ béèrè.

Éjẹ́ǹtì ńkọ́? Tó bá ń pe ara ẹ̀ ní "Báyìí-Báyìí Properties", ẹ lọ síbi ìwádìí tí CAC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, ní lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, ẹ tẹ orúkọ yẹn sí i, ẹ máa rí bóyá wọ́n forúkọ sílẹ̀ àti bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Àwọn estate surveyor gidi, ìyẹn àwọn tó kọ́ iṣẹ́ ilé àti ilẹ̀, tún ní ìwé orúkọ tiwọn lọ́dọ̀ ESVARBON, àjọ tó ń forúkọ wọn sílẹ̀. Kí n sòótọ́ fún yín, ọ̀pọ̀ éjẹ́ǹtì ìlú yìí ò sí nínú èyíkéyìí, àwọn bọ̀ọ̀dá tó jókòó sí Pánṣẹ́kẹ́ pẹ̀lú pátákó kékeré yẹn, ọ̀pọ̀ wọn ń jẹun òógùn wọn. Mi ò ní kẹ́ ẹ sá fún wọn. Mo kàn ní kí owó ilé má gba ọwọ́ wọn kọjá.

Ó wá ku ọ̀gbẹ́ni kéátékà, ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti gbóná jù nìyí. Láńlọ́ọ̀dù tó wà l'Amẹ́ríkà kì í ṣe àbùkù, ilé tuntun tó rí bẹ́ẹ̀ pọ̀ nílùú yìí. Àmọ́ ẹni tó bá ń gbowó nítorí ẹlòmíì gbọ́dọ̀ ní ìwé tó fún un láṣẹ. Ó lè jẹ́ lẹ́tà lásán, tó bá jẹ́ réǹtì nìkan ló ń gbà, ó sì lè jẹ́ power of attorney, ìwé tí èèyàn fi ń yan aṣojú, èyí táwọn tó wà lókè òkun sábà máa ń fọwọ́ sí níwájú notary public níbẹ̀. Tí wọ́n bá fi power of attorney náà sílẹ̀ l'Ókè-Mọ́sàn, lọ́yà lè rí i. Ẹ ka ohun tó wà nínú ẹ̀, ẹ má kàn wo òòtẹ̀ pupa. Ṣé ó sọ pé ó lè gba ayálégbé, ṣé ó sọ pé ó lè gbowó, àbí ó kàn sọ pé kó máa tọ́jú ilé? Mo ti rí èyí tó jẹ́ pé agbára àtimójú tó àwọn bíríkìlà nìkan ni wọ́n fún bọ̀ọ̀dá kan, ilé ti parí, ó sọ ara ẹ̀ di láńlọ́ọ̀dù. Kẹ́ ẹ sì ní ẹ fẹ́ bá láńlọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀ lórí fídíò, kì í ṣe lórí ìpè lásán, kó mú ìwé tó ní fọ́tò ẹ̀ dání. Láńlọ́ọ̀dù tòótọ́ kì í bínú sí ìyẹn, ó tiẹ̀ máa ń dùn mọ́ wọn torí àwọn náà fẹ́ mọ ẹni tó ń wọlé wọn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ nìyí: tí láńlọ́ọ̀dù bá kú, àṣẹ tó fún kéátékà bá a kú. Bó ṣe rí lábẹ́ òfin nìyẹn, àyàfi àwọn power of attorney kan tí wọ́n fowó rà, ìyẹn ò sì kan ti kéátékà. Bẹ́ẹ̀, èèyàn lè wà tó ń gba réǹtì lórúkọ òkú fún ọdún gbọọrọ, ẹnì kan ò ní bi í. Ẹ béèrè gbangba: ṣé bàbá ṣì wà láyé? Tí wọ́n bá ní ó ti kú, ẹ̀yin àti kéátékà ò ní ọ̀rọ̀ mọ́, àwọn ọmọ ló kàn. Kì í sì í ṣe àkọ́bí nìkan o. Nílẹ̀ Yorùbá, àkọ́bí á jókòó sórí àga bàbá, á gba réǹtì, á sọ pé òun ni olórí ẹbí, nígbà tó bá yá ọmọ ìyàwó kékeré á gbé lọ́yà wá, "ta ló ní kẹ́ ẹ sanwó fún un?", ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti san ọdún méjì á wá di bọ́ọ̀lù láàárín wọn. Ìwé tó ń parí irú ìjà yìí ní orúkọ, letters of administration ni, ẹ̀ka probate, tó ń rí sí ogún òkú, ní High Court ló ń fún wọn, orúkọ àwọn tí kóòtù gbé ogún lé lọ́wọ́ wà nínú ẹ̀ gbọin-gbọin. Tó bá ní ìwé ìhágún, àwọn tí bàbá fi ṣe alámòójútó ogún ló láṣẹ, ìwé probate ló sì máa fi hàn. Ẹ gba ẹ̀dà, kí lọ́yà fi nọ́ńbà ẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò ní rẹ́jísítírì, kí àwọn tí orúkọ wọn wà níbẹ̀ fọwọ́ sí àgíríméǹtì yín. Àbúrò láńlọ́ọ̀dù tó ní "èmi ni mo ń mójú tó o fún wọn" ò sí nínú ìwé yẹn, àyàfi tó bá wà níbẹ̀.

Òkè-Mọ́sàn wàyí. Bureau of Lands and Survey tó wà ní sẹkitéríàtì níbẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ ìpínlẹ̀ Ògùn, C of O tí wọ́n ń fún èèyàn lábẹ́ òfin ilẹ̀ 1978, ìwé tí wọ́n fi ta ilẹ̀, ìwé tí wọ́n fi ilé dúró ní bánkì. Tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n fi ẹ̀dà C of O hàn yín, wọn ò ní fẹ́, wọ́n á ní ṣé ẹ fẹ́ ra ilé ni. Nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ nìkan lẹ nílò: nọ́ńbà, ojú ewé àti volume, tó parí sí "Lands Registry, Abẹ́òkúta". Lọ́yà á kọ lẹ́tà, á san owó sáàṣì, ìyẹn owó àtiwá ìwé náà jáde, wọ́n á sọ orúkọ ẹni tó ni ín, wọ́n á sọ bóyá gbèsè bánkì wà lórí ẹ̀, bóyá kóòtù ti fi nǹkan dí i. Gbèsè bánkì yẹn ṣe pàtàkì. Tí láńlọ́ọ̀dù bá ti fi ilé yáwó kẹ́ ẹ tó wọlé, tí ò sì rí i san, bánkì lè wá gba ilé, àwọn ò sì mọ̀ yín rí.

Tó bá jẹ́ ilé àtijọ́, irú àwọn ilé GRA Ìbarà yẹn, ẹ má jẹ́ kẹ́nì kan dẹ́rù bà yín tó bá jẹ́ "Lands Registry, Ìbàdàn" ló wà lórí ìwé, torí 3 February 1976 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀, Ìbàdàn ni gbogbo ìwé agbègbè yìí wà ṣáájú ìgbà yẹn. Èyí tó wá yẹ kó dẹ́rù bà yín ni ìwé 1985 tó ní Ìbàdàn lórí.

Àmọ́ o, ilé tó pọ̀ ní Ọbántokò ò sí nínú ìwé Òkè-Mọ́sàn rárá. Èèyàn ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí, wọ́n fún un ní rísíìtì àti àgíríméǹtì, ó ní sọ́fè, ìyẹn àwòrán ìwọ̀n ilẹ̀, ó kọ́lé, ó parí. Ìjọba Amósùn, gómìnà ìpínlẹ̀ yìí nígbà kan, gbé Home Owners' Charter jáde káwọn tó kọ́lé láìní ìwé lè gba ìwé, àwọn kan gbà á, ọ̀pọ̀ ò dá a lóhùn. Tí sáàṣì bá ní "a ò rí nǹkankan", kò túmọ̀ sí pé jìbìtì ni, ó kàn jẹ́ pé ẹ máa padà sọ́dọ̀ CDA àti ẹbí tó ta ilẹ̀. Ṣé ó tiẹ̀ yẹ kẹ́ ẹ ṣe sáàṣì fún ilé tẹ́ ẹ kàn fẹ́ háyà? Tó bá jẹ́ ọdún kan, mi ò ní rán yín lọ. Ọdún méjì lówó lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú láńlọ́ọ̀dù tẹ́ ò rí sójú, ẹ ṣe é, owó ẹ̀ ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tó fẹ́ jáde lápò yín. Ẹni tó bá fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù tàbí ilé tó fẹ́ sọ di nọ́sìrì, dandan ni.

Sọ́fè yẹn náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Tí wọ́n bá lè fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́, sọfẹ́yọ̀ lè gbé e lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General kí wọ́n wò ó bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà. Àwọn tó wà nílùú yìí nígbà tí wọ́n ń fẹ títì lábẹ́ Amósùn ò tíì gbàgbé àmì X pupa tí wọ́n ń kùn sára ilé tí wọ́n fẹ́ wó. Ẹ máa wo ara ògiri dáadáa, pàápàá ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ọ̀dà sí ní ìsàlẹ̀ nìkan, torí àwọn tó ń rí sí ìwé àṣẹ ilé kíkọ́ náà máa ń fi ọ̀dà pupa kọ ọ̀rọ̀ sára ilé tí ò gbàṣẹ.

Omi ńkọ́? Ọbántokò ò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò Ògùn bíi Láfẹ́ńwá tàbí Ẹnu-Gádà, níbi tí omi ti máa ń wọlé tí òjò bá pọ̀ tí wọ́n sì ṣí omi ìdídò Ọ̀yán, èyí tí wọ́n ti ń lò láti 1983. Àmọ́ odò kékeré pọ̀ ní Ọbántokò. NIHSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ odò, máa ń gbé ìwé àsọtẹ́lẹ̀ àkúnya omi jáde lọ́dọọdún, wọ́n á dárúkọ ìjọba ìbílẹ̀, ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ Ọbántokò wà lábẹ́ Ọ̀dẹ̀dá, ẹ má wo Abẹ́òkúta South nìkan kẹ́ ẹ wá fọkàn balẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Google Earth ti orí kọ̀ǹpútà, ó ní ibì kan tẹ́ ẹ ti lè padà sẹ́yìn wo fọ́tò ilẹ̀ náà láwọn ọdún tó kọjá, ẹ máa rí bó ṣe rí kí wọ́n tó kọ́lé. Tó bá jẹ́ koríko tútù gbọọrọ tó ń tẹ̀lé ara wọn bí ejò lẹ rí níbi tí fúláàtì yín wà báyìí, ojú omi nìyẹn, omi ò sì í gbàgbé ọ̀nà ẹ̀.

Kóòtù, ní ṣókí. Ẹjọ́ onílé àti ayálégbé sábà máa ń wà ní Magistrate Court Ìṣàbọ̀, ti ilẹ̀ tó tóbi máa ń wà ní High Court lójú ọ̀nà Kọ́bapé. Kí lọ́yà tó ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́ fi orúkọ láńlọ́ọ̀dù béèrè ní rẹ́jísítírì bóyá ẹjọ́ wà lórí òun tàbí ilé náà. Tí òṣìṣẹ́ ìjọba kankan bá sọ pé ìwé ò ṣeé fi hàn, òfin Freedom of Information ti 2011 fún wọn ní ọjọ́ méje láti dáhùn lẹ́tà, Supreme Court sì ti sọ ọ́ ní April 2025 pé ó de àwọn ìpínlẹ̀ náà. Kẹ́ ẹ máà lọ bá wọn jà o, ẹ kàn jẹ́ kí lọ́yà dárúkọ ẹ̀ nínú lẹ́tà.

Éjẹ́ǹtì máa pè yín lọ́la pé ẹnì kan ti gbé owó dání, pé tẹ́ ò bá san lónìí ilé á lọ. Ẹ sọ fún un pé ẹ ti ṣe tán láti san, nọ́ńbà mítà, ìwé àṣẹ kéátékà àti ìpè fídíò lẹ ń dúró dè. Ẹ bẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n gba ọdún kan, ọ̀pọ̀ máa gbà tí wọ́n bá rí i pé owó wà lóòótọ́. Tó bá dọjọ́ ìsanwó, ẹ má gbé owó lọ́wọ́, ẹ fi ránṣẹ́ láti bánkì, orúkọ máa jáde kẹ́ ẹ tó tẹ "send", ẹ fi wé ti mítà, ti CDA àti ti ìwé àṣẹ. Kí rísíìtì dárúkọ láńlọ́ọ̀dù, kó sọ ilé àti fúláàtì tó jẹ́, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí, kí owó kọ́ṣọ̀n, èyí tí wọ́n ń gbà nítorí ohun tó bá bàjẹ́, wà lọ́tọ̀ tó bá wà. Kọmíṣọ̀n éjẹ́ǹtì, ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ bá ti wà lọ́wọ́ yín lẹ máa san án.